Ààlà àti Ojú Irin: Ìgbà Wo Ni A Bi Ará Ìlú Léèrè?

Nígbà tí Olóòtú ìwé yìí ní kí a kọ ohun díẹ̀ nípa ìtàn Ọ̀fà, ó ti wà lọ́kàn wa láti tún sọ̀rọ̀ ogun Jálumi, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó jù wá lọ ti kọ ìyẹn, wọ́n sì kọ ọ́ dáradára. Ìbéèrè ọmọ ilé ìwé wa kan ni ó yí ọkàn wa padà. A gbé àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà kọ́ sí ara pátákó, a ń fi ọ̀pá tọ́ka sí i, ọmọ náà sì na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ni ó sọ pé ará Àríwá ni wá? Ṣé wọ́n bi àwọn baba wa?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí pé a kò ní èsì kúkúrú láti fún un. Èyí tí ó gùn ni a kọ sí ìsàlẹ̀ yìí.

Ní ọdún 1890 ni ogun Ìlọrin wọ ìlú wa lẹ́yìn ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́, tí àwọn ará ìlú sì fọ́n ká lọ sí ìhà gúúsù. Ní ọdún 1893, Gómìnà Carter gbéra láti Èkó, ó gun òkè wá, ó bá Ìbàdàn àti Ìlọrin sọ̀rọ̀, ibùdó ogun Ìbàdàn ní Ìkìrun àti ti Ìlọrin ní Ọ̀fà sì tú. Gbogbo ènìyàn yọ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n yọ̀. Ṣùgbọ́n bí ogun ti ń parí ni ọ̀ràn ààlà ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni àwọn òyìnbó Èkó bẹ̀rẹ̀ sí pa ààlà láàrin ilẹ̀ tí Ìbàdàn ń ṣàkóso àti ilẹ̀ Ìlọrin ní agbègbè Odò-Ọ̀tìn. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan níhìn-ín: ní àkókò tí a ń pa ààlà yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa ni kò sí nílé. Àtìpó ni wọ́n jẹ́ ní ìlú onílùú. Ìbàdàn ní ẹnu, Ìlọrin ní ẹnu, òyìnbó ní ìbọn. Ẹni tí ó ni ilẹ̀ ń ro oko olóko. Nígbà tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin ní oṣù Èrèlé 1897, tí Lugard sì kéde ìjọba Àríwá ní Lọ́kọ́jà ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900, gbogbo ìlú tí a kà mọ́ Ìlọrin ni ó bá a wọ Àríwá, Ọ̀fà sì wà nínú wọn.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ojú irin dé. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rélùwéè láti Ìddó. A ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù Ẹrẹ́nà 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà létí odò Ọya ní 1909. Láàrin Òṣogbo àti Ìlọrin ni ó gba Ìkìrun àti Òkukù, tí ó sì la ilẹ̀ wa kọjá. Ohun tí ó ya ni lẹ́nu ni pé ojú irin yìí, tí ìjọba ìhà gúúsù ń ṣe, fo ààlà kọjá láàrin Òkukù àti Ọ̀fà bí ẹni pé kò rí i. Ààlà tí ó le fún ènìyàn kò le fún irin. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1912 ni a tilẹ̀ pa rélùwéè gúúsù pọ̀ mọ́ ti àríwá, kí Lugard tó pa gúúsù àti àríwá fúnra wọn pọ̀ ní 1914.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń bá rélùwéè jà. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ohun tí wọ́n pàdánù nígbà tí ojú irin kò gba ọ̀dọ̀ wọn. Ìlú tí ogun tú ni tiwa, ọkọ̀ ojú irin sì wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di ọjà ńlá, tí ẹrù ń ti Kánò àti Èkó pàdé níbẹ̀, tí Hausa, Núpé àti Ìgbò fi di ọmọ ilé pẹ̀lú wa. Ohun tí a ń wí ni pé ire tí a kò bi ọ níwájú kí a tó ṣe é fún ọ, ọ̀nà tí ó gbà wá náà ni ibi lè gbà wá. Àwọn Ẹ̀gbá mọ èyí. Nítorí àdéhùn tí wọ́n ti bá Carter ṣe ní 1893, tí ó gbà pé olómìnira ni wọ́n, ìjọba Èkó ní láti jókòó bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tí ojú irin yóò gbà. Ẹ̀yìn ìlú, ní Aro, ni ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta àkọ́kọ́ wà. Ta ni ó jókòó bá Ọ̀fà sọ̀rọ̀? Ajẹ́lẹ̀ wà ní Ìlọrin. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀dùn, Ìlọrin ni yóò gbé e lọ, bí wọ́n bá sì dá a lóhùn, ó dára. Bí wọn kò bá dá a lóhùn, ó tán nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ bí ààlà yìí ti kan ilẹ̀ tí a fi ń jẹun. Ní 1910, ọdún méjì lẹ́yìn tí ọkọ̀ dé Ìlọrin, ìjọba Àríwá ṣe òfin tí ó fi gbogbo ilẹ̀ Àríwá sí abẹ́ àkóso Gómìnà, pé òun ni yóò máa pín in, àti pé ẹni tí ó ń lò ó, ẹ̀tọ́ lílò nìkan ni ó ní. Níhà kejì ààlà, nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú, Olóyè Amodu Tijani Olúwa kò gbà pé owó táṣẹ́rẹ́ ni ó tọ́ sí ẹbí òun. Ó pẹjọ́ ní Èkó, ilé ẹjọ́ Èkó kò dá a láre tó bí ó ti fẹ́; ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921 ni ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ pé ẹbí àti ará ìlú ni ó ni ilẹ̀ wọn tán pátápátá, kí a sì san owó rẹ̀ fún wọn bí onílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé tiwa. Yorùbá ni Olúwa, Yorùbá ni wá. Ìlà kan tí a fà nígbà tí a kò sí nílé ni ó jẹ́ kí ọ̀kan lè pe ara rẹ̀ ní onílẹ̀ níwájú adájọ́, tí èkejì sì di ayálò lórí ilẹ̀ baba rẹ̀.

A kò ní sọ pé kò sí ìlú tí ẹkún rẹ̀ dé etí ìjọba. Ọ̀tùn, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Èkìtì, wà lábẹ́ Ìlọrin bíi tiwa. Ọba àti ará ìlú kò dákẹ́, wọn kò sì jẹ́ kí àwọn òyìnbó sinmi. Ní 1936 ni a mú wọn kúrò lábẹ́ Ìlọrin, tí a dá wọn padà sọ́dọ̀ àwọn arákùnrin wọn ní Èkìtì. Ó gbà wọ́n ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ṣùgbọ́n wọ́n rí i gbà.

Ní tiwa, àwọn ọdún 1950 ni ọ̀rọ̀ náà gbóná. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn béèrè pé kí a yí ààlà padà, kí Ìlọrin àti Kàbbà wá sí Ìwọ̀ Oòrùn. Ní 1952 Gómìnà Macpherson ní kí ààlà wà bí ó ti wà. Olóyè J. S. Olawoyin, ọmọ ìlú wa, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ó gbé e dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Kàdúná, níbi tí àwọn tí ó fẹ́ gbọ́ ọ kò ti pọ̀. Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ dìde, ó bá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ṣọ̀rẹ́, ó sì borí nínú ìbò ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlọrin. Ní 1958 ni ìjọba Kàdúná tú ìgbìmọ̀ náà ká. Ní ìgbà yìí kan náà ni Ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn ní 1957 láti wádìí ẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kéékèèké, gbọ́ ẹjọ́ wa. Nígbà tí ìwé wọn jáde ní 1958, wọn kò gbà pé kí a yí ààlà náà padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí a ó bá yí i padà rárá, kí ó jẹ́ nípa ìbò àwọn ènìyàn ibẹ̀ fúnra wọn, kí 60 nínú 100 sì fọwọ́ sí i.

Ìbò yẹn kò wáyé. A kò sọ pé a mọ bí ì bá ti rí. Ẹ̀rù kò gbọdọ̀ bà wá láti sọ òtítọ́ pé nínú ìlú Ìlọrin fúnra rẹ̀, Ẹ́míà àti ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò fẹ́ kí ààlà yí, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Bóyá a ì bá pàdánù. Ẹni tí a bi tí ó sì pàdánù, ó lè lọ sùn. Ẹni tí a kò bi rárá, kò mọ ibi tí yóò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí.

Pé ohun tí ó ṣeé ṣe ni, ẹ wo Àárín Ìwọ̀ Oòrùn. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Agẹmọ 1963 ni a pe àwọn ará Benin àti Delta jáde láti dìbò bóyá wọ́n fẹ́ ìpínlẹ̀ tiwọn. Wọ́n wí pé àwọn fẹ́, ní oṣù Ògún ọdún kan náà ni a sì dá a sílẹ̀. Àwa kò rí irú rẹ̀. Àṣẹ ológun ni ó dá ìpínlẹ̀ tí a wá ń pè ní Kwara sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Èbìbí 1967. Àṣẹ ológun ni ó mú Ígálà kúrò lọ sí Benue ní 1976, òun náà ni ó mú Kàbbà lọ sí Kogi àti Borgu lọ sí Niger ní 1991. Àwọn ìgbìmọ̀ kan gba ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlú ní 1975 àti 1976, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ìbò.

Ẹni tí ó bá sọ pé ìjọba alágbádá ti tún gbogbo èyí ṣe, kí ó ka ẹsẹ̀ kẹjọ nínú ìwé òfin 1999. Bí a ó bá dá ìpínlẹ̀ titun sílẹ̀, òfin ní kí a bi àwọn ènìyàn ibẹ̀ nípa ìbò, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta sì gbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ààlà nìkan ni a fẹ́ sún, àwọn aṣòfin àti àwọn káńsílọ̀ ni yóò fọwọ́ sí i. Ìwé òfin náà kò sọ pé kí a dìbò fún ará ìlú tí ààlà yóò gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni fún ààlà ìjọba ìbílẹ̀. (Ti àwa àti àwọn aládùúgbò wa Ẹ̀rìn-Ilé, a mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ nínú àròkọ yìí ni, ọmọ ìyá ni wá, àwọn àgbà sì wà.)

Ní ti ilẹ̀, òfin ilẹ̀ 1978 mú irú ìlànà 1910 náà, ó sì nà án dé gúúsù, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ Olúwa àti ọmọ Ọlọ́fà ti di ọgba báyìí. Ilé tí a kọ́ àti irè oko ni òfin ní kí a san owó rẹ̀ bí ìjọba bá gba ilẹ̀. A kì í san owó ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹni tí ó rà á. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí àwọn baba wa kò ní. Láti 1992 ni a ti ṣe é lófin pé kí a tó ṣe iṣẹ́ ńlá bí ojú irin titun, kí a yẹ ohun tí yóò ṣe sí àyíká wò, kí a sì fún ará ìlú láàyè láti ka ìwé náà kí wọ́n sì sọ tẹnu wọn. Ojú irin titun tí ó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, tí a ṣí láti Èkó ní oṣù Òkúdù 2021, Ìbàdàn ni ó dúró sí, ṣùgbọ́n ìlànà tí ìjọba gbé jáde fún un ń lọ sí Ìlọrin àti Kánò. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé àyẹ̀wò apá tiwa jáde, ọjọ́ díẹ̀ ni yóò fi wà níta fún kíkà.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ àwọn ọmọ ìlú wa, pàápàá àwọn tí ó ní ilé àgbà ní àdúgbò ibùdókọ̀, kí wọ́n ṣí àpótí. Rìsíìtì owó oko tí rélùwéè gbà, ẹ̀dà ìwé tí a kọ sí Ìgbìmọ̀ Willink, àwòrán ilẹ̀ ìdílé, ìwé tí ajẹ́lẹ̀ fi dá baálé lóhùn, gbogbo wọn ni a ń fẹ́. Ẹ má ṣe fún wa ní ojúlówó. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa kí ìpàdé àpapọ̀ tó ń bọ̀ tó wáyé. Ọmọ tí ó bi wá léèrè ní kíláàsì ti ní kí bàbá rẹ̀ àgbà wo abẹ́ ibùsùn, ó sì ti mú ìwé kan wá, tí ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀.