Ohùn Akẹ́kọ̀ọ́ nínú Yíyan Ìwé: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ilé Ìkàwé Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama ní Agbègbè Àgbàdo

Ìfáàrà

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ girama kan ní Èkó pé ìwé wo ló yẹ kí èèyàn kà, orúkọ ìwé ìdánwò ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Àjọ JAMB ló ní kí àwọn tó ń wá àyè wọ yunifásítì ka The Life Changer, ti Khadija Abubakar Jalli; òun náà ló fi The Lekki Headmaster, ti Kabir Alabi Garba, rọ́pò rẹ̀ fún ìdánwò 2025. WAEC ní ìwé tirẹ̀, àwọn olùkọ́ sì ní tiwọn. Ọ̀dọ̀ àgbà ni gbogbo àbá wọ̀nyí ti ń wá. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dúró lé ni pé iṣẹ́ ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì pé, àfi bí ó bá ń gba èrò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí ìwé sílẹ̀, tó ń tọ́jú u, tó sì ń fi ṣe amọ̀nà fún ẹni tó fẹ́ yá ìwé àti fún ẹni tó fẹ́ ra ìwé tuntun. Àgbàdo, ní Alímọ̀ṣọ́, ni a fi ṣe òpó àlàyé wa.

Ta ni ìwé wà fún?

Ìlànà Orílẹ̀-Èdè lórí Ètò Ẹ̀kọ́, tó kọ́kọ́ jáde ní 1977, tí ìjọba sì ti ṣàtúnṣe sí lọ́pọ̀ ìgbà, ka ilé ìkàwé mọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù fún ẹ̀kọ́, ó sì di ẹrù rẹ̀ ru àwọn tó ni ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kí ìwé wà lórí pẹpẹ yàtọ̀ sí kí ẹnìkan kà á. Ní 1931, S. R. Ranganathan, àgbà onímọ̀ ilé ìkàwé ní Íńdíà, là á yé wa pé ìlò ni ìwé wà fún, pé òǹkàwé kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tó bá a mu, pé ìwé kọ̀ọ̀kan ló sì ní òǹkàwé tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ní Alímọ̀ṣọ́. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 níbẹ̀. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní ìpínlẹ̀ Èkó tí ìkànìyàn náà ka iye tó tó bẹ́ẹ̀ fún. Nígbà tí ìpínlẹ̀ náà dá àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní 2003, ọ̀nà mẹ́fà ni wọ́n pín Alímọ̀ṣọ́ sí, Àgbàdo/Òkè-Odò, tí ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ wà ní Abúlé-Ẹ̀gbá, sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò, ọmọ Ègùn àti ọmọ Hausa ló jọ ń jókòó ní kíláàsì kan náà. Ẹni tó bá rò pé ìwé kan ṣoṣo yóò wọ gbogbo wọn lọ́kàn, ó ń tan ara rẹ̀ ni.

Ẹ̀rí láti inú ìtàn

Àwọn kan lè sọ pé àṣà òkèèrè ni kí òǹkàwé lásán máa sọ èrò rẹ̀ lórí ìwé ní gbangba. Ìtàn ìwé Yorùbá kò gbè wọ́n. Láàárín 1929 sí 1930, I. B. Thomas ń gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin aláìsàn kan ló ń fi lẹ́tà jẹ́wọ́ ìgbésí ayé rẹ̀. Àwọn òǹkàwé kò dákẹ́. Wọ́n ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí olóòtú láti fi èrò wọn hàn lórí ìtàn náà. Ó di ìwé ní 1930. Nígbà tí Karin Barber tún un gbé jáde ní 2012, ó ka irú àwọn lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀rí pàtàkì, nítorí pé inú wọn ni a ti ń rí bí ará Èkó ìgbà náà ṣe ń kàwé. Ohun tí àwọn òǹkàwé wọ̀nyẹn ṣe láìsí ẹni tó kọ́ wọn ni lámèyítọ́, akẹ́kọ̀ọ́ òde òní náà sì lè ṣe é.

Ní 1938, ọdún tí ilé ìtẹ̀wé CMS gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde, Louise Rosenblatt ń ṣàlàyé ní Amẹ́ríkà pé ìtumọ̀ ìwé kì í dá wà nínú ìwé nìkan. Ibi tí ìwé àti òǹkàwé ti pàdé ni ó ti ń jáde. Láti 1940 ni àmì-ẹ̀yẹ kan ti wà ní ìwọ̀-oòrùn àríwá Amẹ́ríkà, Young Reader's Choice Award, tó jẹ́ pé ìbò àwọn ọmọdé ló ń pinnu ẹni tí yóò gbà á. Ní Bìrìtìkó, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ló ń dájọ́ fún àmì-ẹ̀yẹ Carnegie, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1936, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé-ìwé náà máa ń ka àwọn ìwé tó wọ ìpele àṣekágbá, wọ́n sì máa ń kọ èrò tiwọn. Ohùn àgbà àti ohùn ọmọdé ń bá ara wọn rìn níbẹ̀.

Irú èrò tó wúlò

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ọmọ bá kọ ló wúlò. “Ìwé náà dùn, ó sì kún fún ẹ̀kọ́” kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tí kò ṣí ìwé lè kọ ọ́. Ìbéèrè ló ń fa èrò gidi jáde: ojú-ìwé wo ni o kò ti lè gbé e sílẹ̀ mọ́? Níbo ni ó ti sú ọ? Kí ni kò yé ọ? Ta ni o máa gbé e fún? Ẹ jẹ́ ká mú Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tó jáde ní 1969, ṣe àpẹẹrẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ pé bí Lápàdé ṣe ń tọpa àwọn ọ̀daràn kò jẹ́ kí òun sùn, pé àwọn òwe inú rẹ̀ dá òun dúró, pé òun yóò gbé e fún ọ̀rẹ́ òun tó fẹ́ràn fíìmù ọlọ́pàá, ohun mẹ́ta ni alábòójútó ilé ìkàwé ti mọ̀: adùn ìwé náà, ìṣòro rẹ̀, àti ẹni tó yẹ ẹ́. Lórí Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó jáde ní 1974, ọmọbìnrin kan lè bínú sí ìwà Àjàní sí Àṣàkẹ́ àti Lọlá, kí ẹlòmíràn sì kọ ìdí tí òun kò fi gbà bẹ́ẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Níbi àríyànjiyàn yẹn ni ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ ti ń ta gbòǹgbò. Òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2018 sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Nítorí náà, ó yẹ kí ọmọ lè kọ èrò rẹ̀ ní Yorùbá, kí èdè náà má baà mọ sórí ìdánwò.

Àwọn àtakò

Àtakò àkọ́kọ́ ni pé ọmọdé kò mọ ìwé tó dára yàtọ̀. Òótọ́ ni pé ìrírí rẹ̀ kò tó ti àgbà, ṣùgbọ́n a kò ní kó dájọ́. Ẹ̀rí ohun tí ìwé ṣe fún un ni a ń béèrè, kò sì sí àgbà tó lè jẹ́ ẹ̀rí yẹn fún un. Olùkọ́ ni yóò ṣì máa yan ìwé tó yẹ ọmọdé. Èkejì ni pé kí a ra ìwé ná kí a tó béèrè èrò. Àìtó ìwé gan-an ló jẹ́ kí èrò ṣe pàtàkì: ilé-ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ kéré kò gbọ́dọ̀ ná an sórí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣí. Ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle kan lórí tábìlì alábòójútó ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta, tó lágbára jù, ni pé àwọn ọmọ yóò da ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé kọ, tàbí ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn yóò ṣe bẹ́ẹ̀ bí máàkì bá wà níbẹ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe fún un ní máàkì, kí ó sì gba ọmọ láyè láti sọ pé òun kò ka ìwé náà tán, kí ó sọ ìdí rẹ̀. Ìdí yẹn lè wúlò ju ìyìn lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn òǹkàwé Akéde Èkó fi hàn pé àṣà sísọ èrò lórí ìwé ti pẹ́ ní Èkó; àwọn ètò òkèèrè fi hàn pé ọmọdé lè ṣe é láìgba iṣẹ́ àgbà. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní Àgbàdo, kí ẹ tó ra ìwé fún sáà tó ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó ń kà á. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e síbi tí akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn yóò ti rí i kà.