Ohun Tí A Rí Kọ́ Ní Cheetham Hill

Ní ìsinmi ilé-ìwé tó kọjá, a kó àwọn ọmọ kíláàsì Yorùbá wa láti Eccles lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Júù ní Cheetham Hill Road, ní Manchester. Sínágọ́gù ni ilé náà tẹ́lẹ̀; àwọn Júù tí orírun wọn jẹ́ Spéènì àti Pọtogí ló kọ́ ọ ní 1874. Nígbà tí àwọn olùjọ́sìn kó kúrò ládùúgbò, ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1984.

Láti 1881 ni ìnúnibíni àti ìṣẹ́ ti ń lé ọ̀pọ̀ Júù kúrò ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà àti Pólàǹdì. Àwọn tó dé Manchester tẹ̀dó sí Cheetham àti Red Bank, wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n ń rán fìlà. Yiddish ni wọ́n ń sọ nílé. Ṣùgbọ́n ní ilé-ìwé tí àwọn Júù fúnra wọn dá sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n lè tètè bá ẹgbẹ́ mu. Láàrin ìran méjì, Yiddish ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé.

Èyí tó wọ àwa nọ́ọ̀sì lára jù ni ti ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí ní Cheetham ní 1904, kí aláìsàn wọn lè rí oúnjẹ tí ẹ̀sìn wọn gbà, kí ó sì rí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, a ti rí àgbàlagbà tí àìsàn ìgbàgbé gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu rẹ̀, tó jẹ́ pé èdè ìyá rẹ̀ nìkan ló kù. Bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé bá àwa náà, tí a sọ pé òtútù ń mú wa, ṣé ọmọ wa yóò mọ̀ pé aṣọ ìbora ni kí òun mú wá?

Ọmọ kan bi wá pé ṣé Yiddish ti kú ni. Rárá o. Ní Broughton, ní Salford wa níbí, àwọn ìdílé Júù kan ṣì ń fi bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ dòní. Ilé ni wọn kò ti jẹ́ kó bọ́. Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kíláàsì ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ òbí. Ẹ jẹ́ kí a máa fi Yorùbá jí wọn láàárọ̀, kí a fi pè wọ́n wá jẹun, kí a sì fi bá wọn wí. Bí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì dá wa lóhùn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó sú wa.

Àwọn ọmọ wa kò ní sọnù mọ́ wa lọ́wọ́ o.