Ṣílè Inú Àpótí Ìyá Mi

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kéré lójú, ṣùgbọ́n ó lè kan àpótí ilé yín: ọ̀rọ̀ owó àtijọ́ ni.

Nígbà tí ìyá mi papò dà, a rí ṣílè mẹ́sàn-án nínú àpótí rẹ̀ nílé wa ní Paparanda. Bàbá rẹ̀ ló fi wọ́n sílẹ̀ fún un. Mẹ́ta dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n, inú mi dùn pé wọ́n ń dán. Ìgbà tí mo wò wọ́n dáadáa ni mo rí i pé n kò lè ka ọdún ara wọn mọ́. Mo kó mẹ́fà tó kù sínú àpò ọ̀rá rírọ̀ kan. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ ti bò wọ́n.

Kí ni ọdún ara owó já mọ́? Owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa ń ná kí owó òyìnbó tó gbilẹ̀. Ní January 1, 1900, Lugard fa àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́jà níhìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nínì àti kọ́bọ̀ oníhò dé. Ọ̀nínì mẹ́wàá ni kọ́bọ̀ kan, kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè kan. Ní 1912 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1913, ṣílè alámì igi ọ̀pẹ jáde: nínú ìdá 1,000 rẹ̀, 925 jẹ́ fàdákà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, fàdákà di ọ̀wọ́n. Ní 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ṣílè. Ṣílè ni a ń ná títí náírà fi dé ní January 1, 1973.

Bàbá àgbà mi kò kọ ìwé kankan sílẹ̀. Ọdún ara ṣílè rẹ̀ nìkan ni ẹlẹ́rìí ìgbà tó fi ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì pa mẹ́ta lẹ́nu mọ́ nínú àwọn ẹlẹ́rìí náà.

Mo wá mọ̀ pé ìdọ̀tí méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Dúdú ara fàdákà, imí-ọjọ́ inú èéfín, afẹ́fẹ́ àti okùn rọ́bà ló ń fà á. Fàdákà náà fúnra rẹ̀ ló yí padà, nítorí náà ẹni tó bá ń ha á, owó ló ń ha. Ẹ fi sílẹ̀. Ọjọ́ orí ni. Ṣùgbọ́n nǹkan aláwọ̀ ewé yẹn, àpò ọ̀rá wa ló fà á. Òróró tó ń mú ike PVC rọ̀ máa ń jò jáde, ásíìdì rẹ̀ sì ń jẹ owó. Èyí kò gbọdọ̀ pẹ́ lára rẹ̀.

Ásítóònù gidi ni kí ẹ lò, kì í ṣe omi ìpa-ọ̀dà-èékánná-rẹ́ olóòórùn dídùn. Ẹ dà á sínú abọ́ gíláàsì, níta gbangba, jìnnà sí iná, nítorí ó ń gbiná kíákíá. Ẹ rẹ owó náà sínú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ ásítóònù náà, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe fi nǹkan nù ún. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Báyìí ni mo ṣe rí ọdún 1913, 1914 àti 1919 kà lára mẹ́ta nínú mẹ́fà náà. Mẹ́ta yòókù, ásíìdì ti jẹ wọ́n kọjá àtúnṣe. Inú bébà líle tí kò ní PVC ni gbogbo wọn wà báyìí.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó fọ owó ìyá yín, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.