Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Bá Wá Ṣe Ìwádìí Láàárín Wa: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹgbẹ́ Mọ̀

Àwa tá a wà ní Warri àti Effurun mọ̀ ọ́n dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ á kó fọ́ọ̀mù dé ṣọ́ọ̀bù: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa dáhùn ìbéèrè yìí." A ó dáhùn, wọn á dúpẹ́, wọn á lọ. Ta ló wá rí èsì rẹ̀? Ilé ẹ̀kọ́ gíga ò sì jìnnà sí wa: Federal University of Petroleum Resources wà ní Effurun láti 2007, Delta State University sì wà ní Abraka láti 1992.

Irú ìwádìí mìíràn wà, èyí tí ará àdúgbò àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń ṣe. Ará àdúgbò ló máa sọ ohun tó ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n á jọ béèrè, wọ́n á jọ yẹ èsì wò, wọ́n á sì jọ pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. Ní àwọn ọdún 1970, Marja-Liisa Swantz, ọmọ ilẹ̀ Finland, wà lára àwọn aṣáájú irú iṣẹ́ yìí ní Yunifásítì Dar es Salaam, ní Tanzania.

Nílé wa náà, láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Igbó-Ọrà, nílẹ̀ Ìbàràpá. Ní Ìdèrè tó wà nítòsí ibẹ̀, sòbìà ń dá àgbẹ̀ dúbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ìlera láti Ìbàdàn lọ bá wọn. Wọn ò kàn sọ pé omi wọn ò dáa. Wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ará ìlú: ọ̀pọ̀ gbà pé ara èèyàn ni sòbìà ti wà látilẹ̀, bí iṣan. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ sẹ́ omi fún? Lẹ́yìn tí wọ́n ti jọ sọ ọ́ yé ara wọn, wọ́n kọ́ àwọn ará abúlé níṣẹ́ ìlera, àwọn télọ̀ ìlú sì rán asẹ́ aṣọ náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń fi sẹ́ omi. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló lé sòbìà lọ káàkiri Nàìjíríà, títí WHO fi kéde ní 2013 pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Irú iṣẹ́ ti Ìdèrè wà lára rẹ̀.

Báwo la ṣe máa ṣe tiwa?

Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ yan ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ wo omi òjò tó ń wọlé wa lọ́dọọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ lè bá wa ya àwòrán àdúgbò: gọ́tà wo ló dí, ibo lomi ti ń dúró, ilé mélòó ló ń wọ̀.

Èkejì, kí á lọ rí àwọn àgbà onílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ wọn náà sì wà nínú ìgbìmọ̀. Ẹ rántí pé ìjà 1997 tó ba Warri jẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ibi tí olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ kan máa wà. Àlejò ni wá. Fọ́ọ̀mù tó bá ti ń béèrè ẹni tó ni ilẹ̀, tàbí tó ń ka ẹ̀yà, ẹ má fọwọ́ sí i. Omi kì í béèrè ẹ̀yà kó tó wọlé.

Ẹ̀kẹta, kí àdéhùn wà lórí ìwé: orúkọ olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, ẹni tó máa tọ́jú ìwé ìdáhùn, àti pé wọn ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n wá ka èsì rẹ̀ nípàdé wa, ní Yorùbá tàbí Píjìn, kí wọ́n tó fi sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Ibi tí wọ́n bá ti gbọ́ wa sódì, a ó lè tún un ṣe.

Ẹ̀kẹrin, kí àwa àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ gbé èsì náà lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá mú àwòrán àti iye ilé tómi ń wọ̀ lọ́wọ́ ṣòroó dá padà ju ẹni tó kàn lọ ṣàròyé lọ.

Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tún kan ilẹ̀kùn, ẹ má lé e. Ẹ fún un ní àga, kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ òun náà pé: ìgbà wo lo máa mú èsì wá?