Ọ̀rọ̀ Tí Kò Ní Ẹlẹ́rìí: Agbára Stilicho àti Ìṣubú Rẹ̀, 395–408

Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 395 ni Theodosius, ọba tó kẹ́yìn tó ṣàkóso gbogbo ilẹ̀ Róòmù pọ̀, wàjà ní ìlú Milan. Ọmọkùnrin méjì ló fi sílẹ̀. Arcadius, èyí ẹ̀gbọ́n, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, òun ló wà lórí oyè ní Constantinople. Honorius, àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún 10 péré, ló jogún Ìwọ̀-Oòrùn. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀gágun Flavius Stilicho fi ní ọba ti fa àwọn méjèèjì lé òun lọ́wọ́ kó tó dákẹ́. Ta ló gbọ́ ọ? Alan Cameron, tó kọ ìwé pàtàkì lórí akéwì Claudian ní 1970, fi hàn pé ẹnu Stilicho nìkan la ti gbọ́ èyí tó kan Arcadius. Òkú kì í sì í jí wá jẹ́rìí.

Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ yìí ló ba Stilicho jẹ́, ju ẹ̀jẹ̀ àjèjì tó wà lára rẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ni àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà ń nawọ́ sí. Vandal ni baba rẹ̀, ará Róòmù ni ìyá rẹ̀, Jerome sì pè é ní ọ̀dàlẹ̀ tó jẹ́ àjèjì lápá kan. Orosius tún fi kún un pé ó fẹ́ fi Eucherius ọmọ rẹ̀ jọba. Ní òdìkejì, ewì ìyìn lásán ni Claudian ń kọ fún un, akéwì ààfin sì ni. Zosimus, òpìtàn tó kọ̀wé lẹ́yìn wọn, ló dùn mọ́ mi jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀, olójúkòkòrò tó ń gba rìbá ni Stilicho. Nígbà tó máa fi kú, ó ti di ẹni tí kò ta oyè ogun, tí kò sì jẹ owó ọmọ ogun rí. Stilicho kọ́ ló yí padà. Ìwé Eunapius ni Zosimus kọ́kọ́ ń wò kọ, nígbà tó yá ó bọ́ sórí ìwé Olympiodorus. Ẹni tó bá fẹ́ fi Zosimus dá Stilicho lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé Zosimus wo ni.

Kò sí iyèméjì nípa ipò rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ó fẹ́ Serena, ọmọ arákùnrin Theodosius, tí ọba náà sọ di ọmọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn ogun odò Frigidus ní 394, ọmọ ogun ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn jọ wà ní Ítálì lábẹ́ rẹ̀. Ọmọdé ni Honorius, ó sì nílò adelé. Ṣùgbọ́n láti 383 ni wọ́n ti fi Arcadius jọba, òfin Róòmù kò sì mọ alágbàtọ́ fún ọkùnrin tó ti kọjá ọdún 14. Àwọn ìjòyè tó yí Arcadius ká kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn gba ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Gbèsè ọ̀rọ̀ yẹn kò pẹ́ kó tó dé. Ní 395, Stilicho ti fẹ́ ká Alaric, olórí àwọn Goth, mọ́ ní Thessaly, nígbà tí àṣẹ dé láti Constantinople pé kó dá ọmọ ogun ìlà-oòrùn padà. Ó dá wọn padà. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn odi Constantinople, wọ́n ṣá Rufinus, olórí ìjòyè tó pàṣẹ náà, pa. Ní 397 ó tún kọjá sí Gíríìsì, Alaric tún bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, Constantinople sì kéde Stilicho ní ọ̀tá ìlú. Ní ọdún yẹn kan náà ni Gildo, tó ń ṣàkóso Áfíríkà fún Ìwọ̀-Oòrùn, kọ ẹ̀yìn sí i, ó ní ti Arcadius lòun ń ṣe, ó sì dí ọ̀nà ọkà tí Róòmù ń jẹ. Mascezel, àbúrò Gildo gan-an, ni wọ́n rán lọ ṣẹ́gun rẹ̀.

Àárín ààfin méjèèjì tí kò gbọ́ ara wọn yé yìí ni Alaric ti rí àyè. Stilicho dá a dúró ní Pollentia ní Ítálì ní ọjọ́ Àjíǹde 402, ó tún ṣẹ́gun rẹ̀ ní Verona, kò sì pa á. Wọ́n ní ìyẹn ni ẹ̀rí ọ̀dàlẹ̀. Èmi rò pé ìdí rẹ̀ kò fara sin: ó fẹ́ gba agbègbè Illyricum lọ́wọ́ Ìlà-Oòrùn, ọmọ ogun Alaric ló sì fẹ́ fi gbà á. Mo gbà pé Illyricum kì í ṣe ilẹ̀ lásán, ibẹ̀ ni Róòmù ti ń rí jagunjagun gidi. Àmọ́ ó ná an ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn tó pa Radagaisus, olórí Goth mìíràn, ní Faesulae ní 406, tó sì gba 12,000 nínú àwọn akọni rẹ̀ sínú ogun Róòmù, ojú rẹ̀ ṣì wà ní ìlà-oòrùn. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ gbà, àwọn Vandal, Alan àti Suebi rọ́ kọjá odò Rhine. Ní 407, Constantine kẹta, tí àwọn ọmọ ogun Bìrìtéènì fi jọba, gba Gaul. Stilicho ní láti pa ètò Illyricum tì, Alaric sì béèrè owó ìdúró rẹ̀: wúrà tó wọn pọ́n-ùn 4,000. Ìgbìmọ̀ àgbà Róòmù fi ìkanra gbà.

Oṣù Karùn-ún 408 ni Arcadius kú, ó fi ọmọ ọdún méje sórí oyè. Honorius fẹ́ lọ sí Constantinople fúnra rẹ̀. Stilicho ní kó má lọ, òun lòun máa lọ. Ẹni tó ti ń pe ara rẹ̀ ní alágbàtọ́ ilé náà láti ọdún mẹ́tàlá kò lè sọ ohun mìíràn, Olympius tó jẹ́ ìjòyè ààfin kò sì nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sọ fún Honorius pé Eucherius ni Stilicho ń gbé lọ sórí ìtẹ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ ogun dìtẹ̀ ní Ticinum, wọ́n sì pa àwọn ìjòyè tó jẹ́ ti Stilicho. Òun wà ní Bologna láàárín àwọn ọmọ ogun àjèjì tó ṣetán láti jà fún un. Nígbà tó gbọ́ pé wọn kò pa Honorius mọ́ àwọn ìjòyè náà, ó kọ̀, ó sì lọ sí Ravenna. Ó sá sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ológun búra níwájú bíṣọ́ọ̀bù pé àtìmọ́lé lásán ni. Nígbà tó jáde, wọ́n ka ìwé kejì, ikú ló wà níbẹ̀. Ó dá àwọn ènìyàn tó fẹ́ gbà á sílẹ̀ dúró, ó sì na ọrùn fún idà ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ.

Ẹ̀sùn yẹn ńkọ́? Olympius fi ìyà jẹ àwọn ọ̀rẹ́ Stilicho kí wọ́n lè jẹ́wọ́ pé ó fẹ́ oyè ọba. Wọn kò sọ nǹkan kan. Eucherius fúnra rẹ̀ kò kọjá akọ̀wé ààfin tó ní oyè kékeré, bẹ́ẹ̀ baba rẹ̀ lè sọ ọ́ di ohunkóhun. Ìyẹn kò dá Stilicho láre pátápátá, nítorí pé òun ló kọ́ ayé láti gbà pé ọ̀rọ̀ Constantinople kàn án.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ọmọ ogun Róòmù pa ìyàwó àti ọmọ àwọn jagunjagun àjèjì káàkiri ìlú Ítálì. Zosimus ní àwọn ọkọ tó ṣẹ́kù lé ní 30,000, ọ̀dọ̀ Alaric ni wọ́n sì gbà lọ. Kí ọdún náà tó parí, Alaric ti dó ti Róòmù. Olympius kò ní owó tàbí ọmọ ogun tó lè fi dá a lóhùn, àwọn ará Róòmù ló sì ra ara wọn padà: wúrà tó wọn pọ́n-ùn 5,000, fàdákà pọ́n-ùn 30,000, ẹ̀wù sílíkì 4,000, àti ata láti ilẹ̀ Íńdíà pọ́n-ùn 3,000. Ní 409, Honorius yọ Olympius nípò.