Ẹnu Ṣáájú Ìwé: Ohun Tí Ìtàn Ìgbèjà Kọ́ Wa nípa Ìmúrasílẹ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Oyè Ọ̀mọ̀wé

Lóde òní, bí a bá dárúkọ oyè ọ̀mọ̀wé, ìwé ńlá tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ a fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí, a kọ, a tún un kọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni ó sábà máa ń kù fún un láti múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí yóò jókòó níwájú àwọn olùyẹ̀wò láti gbèjà iṣẹ́ náà. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn ìgbèjà fúnra rẹ̀ kò ti àṣà yìí lẹ́yìn. Ẹnu ni ó ṣáájú ìwé nínú ètò náà. Ìdáhùn ìbéèrè jẹ́ ẹ̀kọ́ tí a ń fi ọdún gbọọrọ kọ́, kì í ṣe ohun tí a ń sáré kọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá ti parí.

Ní Yunifásítì Paris ní sẹ́ńtúrì kẹtàlá, àríyànjiyàn ní gbangba jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ọ̀nà ìkọ́ni. Olùkọ́ a gbé ìbéèrè kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan a dìde láti dáhùn. Àwọn mìíràn a máa takò ó. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ yóò wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Kí ẹnikẹ́ni tó gba àṣẹ láti máa kọ́ni, ó ní láti ti dáhùn báyìí níwájú àwọn ẹlòmíràn. Kódà ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, ẹni tí ó kọ ìwé kò jẹ wọ́n lógún tó ẹni tí ó lè gbèjà rẹ̀. Linnaeus, onímọ̀ nípa ewéko ní Yunifásítì Uppsala ní ilẹ̀ Sweden, jẹ́ alága níbi ìgbèjà 186. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ni ọ̀rọ̀ inú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé náà. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí ó dúró, kí ó sì dáhùn.

Ní sẹ́ńtúrì tí ó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Yunifásítì Berlin, tí a dá sílẹ̀ ní 1810, wà lára àwọn tí ó sọ ìwádìí tuntun di òpó oyè ọ̀mọ̀wé. Yunifásítì Yale fi irú oyè yìí dá àwọn ènìyàn lọ́lá ní Amẹ́ríkà ní 1861, Oxford sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1917. Bí ìwé ti ń tóbi sí i ni àyè ẹnu ń dín kù. Ní ilẹ̀ Netherlands, gbangba ni wọ́n ṣì ti ń ṣe ìgbèjà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di ọ̀rọ̀ inú yàrá láàárín akẹ́kọ̀ọ́ àti olùyẹ̀wò bíi méjì.

Ọ̀nà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ni ó dé ọ̀dọ̀ wa. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948 lábẹ́ Yunifásítì London, kò sì di òmìnira títí di 1962. Ní London ni Kenneth Dike ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1950 lórí òwò àti òṣèlú ní agbègbè Delta odò Ọya. Ibẹ̀ náà ni Sàbúrì Bíòbákú ti gba tirẹ̀ ní 1951 lórí àwọn Ẹ̀gbá. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tí ó fi ìtàn àtẹnudẹ́nu kún àkọsílẹ̀ ìjọba. Ohun tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà kì í ṣe kékeré. Kódà ní 1963, Hugh Trevor-Roper, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Oxford, ṣì sọ ní gbangba pé ìtàn àwọn aláwọ̀ funfun ní Áfíríkà nìkan ni ó wà láti kọ́. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀rí àwọn àgbà wọ irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ kò lè gbèjà iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan; ó ní láti gbèjà orísun tí ó ti bu ọ̀rọ̀ wá.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbèjà kì í ṣe àjèjì sí wa. Nínú ìwé tí Adébóyè Babalọlá gbé jáde ní 1966 láti inú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí ó ṣe ní London, a rí i pé bí oníjàálá bá ń sun ìjálá níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹlòmíràn lè dá a dúró pé ohun tí ó sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a takò lè fèsì pé bí ọ̀gá òun ti kọ́ òun nìyẹn, àti pé ọ̀nà ọ̀gá kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ní ti àwọn babaláwo, Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé pé bí ẹnì kan bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù a máa fi "hin" gbè é nígbà tí ó bá sọ ọ́ re. Bí ó bá ṣì í sọ, wọn a jẹ́ kí ó mọ̀. Ọmọ awo tí ó ń bá ọ̀gá rẹ̀ lọ sí irú àpéjọ báyìí ti gbọ́ àtakò àti èsì láìmọye ìgbà kí ó tó kan òun alára.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni èyí kọ́ àwa alábòójútó. Èkíní ni pé àtìbẹ̀rẹ̀ ni kí á ti máa bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè. Sẹminá tí a ń ṣe ṣáájú ìwádìí orí pápá àti lẹ́yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ di ibi tí a ti ń kí ara wa kú iṣẹ́ lásán. Kí a jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó nínú ìgbèjà àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, bí òfin ilé-ẹ̀kọ́ bá gbà á. Bí a bá sì takò ó, kí alábòójútó má ṣe bá a dáhùn.

Èkejì ni orísun. Ta ni ó sọ ọ́? Níbo, nígbà wo, níwájú ta ni? Irú rẹ̀ mìíràn ńkọ́, kí sì ni ìdí tí a fi gba èyí ju ìyẹn lọ? Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí láìṣí ìwé lọ́wọ́ kò tíì ṣetán, bí ó ti wù kí ìwé rẹ̀ nípọn tó.

Ẹ̀kẹta ni ìwà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá a máa rò pé àrífín ni láti bá olùyẹ̀wò jiyàn, nítorí náà wọn a gba gbogbo àtakò, títí kan èyí tí kò tọ́. Oníjàálá ti fi ọ̀nà hàn wá: kò ní òun gbọ́n ju ẹni tí ó takò ó lọ, ọ̀gá rẹ̀ ni ó tọ́ka sí. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè wí pé, "Ẹ ṣeun, sà, ẹ̀rí tí mo gbé e kà nìyí," kí ó sì dúró lórí rẹ̀. Àwọn àgbà ṣáà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Àwọn tí ó fún wa ní ọ̀rọ̀, ìyá olórìṣà, ọdẹ, arọ́kìn, kì í sí nínú yàrá ìgbèjà. Àwọn mìíràn a ti di ará ọ̀run kí iṣẹ́ tó parí. Akẹ́kọ̀ọ́ náà nìkan ni ẹnu tí ó kù fún wọn níbẹ̀. Bí a kò bá kọ́ ọ bí a ti ń fèsì, ẹ̀rí wọn pẹ̀lú ni a ti fi sílẹ̀ láìní agbèjà.