Rántí Ọmọ Ẹni Tí Ìwọ Ń Ṣe: Òbí Ìlọrin àti Ọ̀nà Yunifásítì

Ẹni tó bá dé ọgbà Yunifásítì Ìlọrin lásìkò tí àwọn ọmọ tuntun ń kó ẹrù wọlé yóò rò pé àwọn òbí ló ń bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Bàbá ń sọ fóòmù kalẹ̀ lórí mọ́tò, ìyá ń ka garawa, ìkòkò àti àpò gàrí, àbúrò kan di fáìlì ìwé ẹ̀rí mú bíi pé wúrà ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí gbogbo wọn torí rẹ̀ wá ń tẹ fóònù lábẹ́ igi.

Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo mú àkọ́bí mi lọ. Inú oòrùn yẹn ni mo ti rántí pé bàbá tèmi ò sìn mí dé ibì kankan. Ó ra àpótí páànù kan fún mi, ó fún mi lówó ọkọ̀, ó sì ní: "Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe." Ó tán. Ó padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ò ti kúrò lọ́kàn mi. Ìgbà wo ni iṣẹ́ òbí lórí ọ̀rọ̀ yunifásítì wúwo tó báyìí? Ṣé àwa la fẹ́ràn ọmọ ju àwọn bàbá wa lọ ni, àbí ọ̀nà ló yí padà? Ẹ jẹ́ ká bi ìtàn ìlú wa léèrè.

Kí yunifásítì tó dé rárá, Ìlọrin ti jẹ́ ìlú tí òbí ń fa ọmọ lọ́wọ́ lọ kàwé. Ilé kéú ni. Bàbá á mú ọmọ lọ bá Alfa, á fà á lé e lọ́wọ́, ọmọ á gba wàláà, á bẹ̀rẹ̀ láti orí álífù. Òmíràn á tilẹ̀ máa gbé ọ̀dọ̀ Alfa, á máa bá a ṣiṣẹ́ ilé àti ti oko. Lọ́jọ́ tó bá parí Kùránì, òbí á ṣe wòlímọ̀, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu. Ẹ kíyè sí ibi tí iṣẹ́ òbí mọ: kó yan olùkọ́ tó dáa, kó fi ọmọ lé e lọ́wọ́, kó sì yẹ́ ọmọ sí nígbà tó bá parí. Kò sí bàbá tó ń gba ọmọ rẹ̀ kọ wàláà.

Nígbà tí ilé-ìwé òyìnbó dé, ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ òbí pé wọ́n á fi ìwé gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ ọmọ wọn. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ Ṣéù Kamaldeen Al-Adaby àti ẹgbẹ́ Ansarul Islam tó dá sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1940 fi ṣe pàtàkì fún ìlú yìí. Wọ́n kọ́ ilé-ìwé tí ọmọ ti lè gba kéú àti ìwé òyìnbó pọ̀. Ọ̀pọ̀ òbí tí kò bá jẹ́ kí ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé rí ẹni fọkàn tán. Àwọn ọmọ ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tó wá ń wá yunifásítì lẹ́yìn náà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1975, ìjọba ológun àpapọ̀ dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ ní Ìlọrin, lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tekena Tamuno, onímọ̀ ìtàn, ni ọ̀gá àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tó fi di gíwá ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládípọ̀ Akínkùgbé sì gba ipò náà. Akẹ́kọ̀ọ́ 200 péré ló wọlé ní oṣù kẹwàá 1976. Nígbà tó di oṣù kẹwàá 1977, yunifásítì náà ti dá dúró. Òbí ìgbà yẹn tí ọmọ rẹ̀ bá wọlé, àpótí àti àdúrà ló kù kó wá. Ilé-ìwé ló ń fún ọmọ ní ibùsùn, òun náà ló ń bọ́ ọ ní owó pọ́ọ́kú.

Ṣùgbọ́n yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ nígbà náà. Ọmọ kan lè gba ìwé ìgbàwọlé mẹ́ta, kó mú ẹyọ kan, kí ẹlòmíì sì jókòó sílé. Ìṣòro yìí ló bí JAMB, tó ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ ní 1978. Ọdún kan náà ni ìjọba gbé owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ láti 50 kọ́bọ̀ sí náírà kan àtààbọ̀ lóòjọ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kárí Nàìjíríà fi gbé ìwọ́de dìde, tí ìbọn sì pa nínú wọn. "Ali Must Go" ni wọ́n ń pe rògbòdìyàn ọ̀hún títí dòní. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1980, ìjọba ti kó ọwọ́ kúrò nínú bíbọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni sítóòfù àti àpò gàrí ti wọ inú ẹrù ọmọ yunifásítì. Ohun tí ìjọba sọ̀ kalẹ̀, òbí ló gbé e.

Láti ìgbà náà ni ẹrù ọ̀hún ti ń pọ̀ sí i. Ní 2005, yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tiwọn lẹ́yìn ti JAMB. Ní 2013, JAMB gbé ìdánwò sórí kọ̀ǹpútà fún ẹni tó bá fẹ́. Nígbà tó di 2015, ó ti di dandan fún gbogbo èèyàn. Ní 2017, CAPS dé, ìyẹn ojúlé JAMB tí ọmọ ti gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba àyè tí wọ́n fún un. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà NIN di dandan. Tí ọmọ bá yan kókó ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí kò bá iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ mu, tàbí tó gbàgbé láti gbé èsì WAEC rẹ̀ sókè, máàkì tó pọ̀ lásán ò lè gbà á. Kódà ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa ń ṣìnà: ní oṣù karùn-ún 2025, àwọn tó lé ní 379,000 ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ìlà-oòrùn gúúsù ni JAMB ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá JAMB nígbà náà, tó ti ṣe gíwá ní Ìlọrin rí, sunkún ní gbangba nígbà tó ń tọrọ àforíjì.

Ìlọrin tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì 2001, yunifásítì lé olùkọ́ 49 kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ló dá wọn padà ní 2009. Ní gbogbo ọdún tí ọ̀ràn yìí fi wà nílẹ̀, tí ASUU bá tilẹ̀kùn ibòmíì, Ìlọrin ń kàwé lọ. Ìyà jẹ àwọn olùkọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ohun tí òbí rí ni pé ọdún mẹ́rin ń jẹ́ ọdún mẹ́rin níbí. Báyìí ni ọmọ láti ibi gbogbo ṣe ń du Ìlọrin, tí ọmọ ẹ̀yìnkùlé sì ń bá wọn tò sórí ìlà.

Ibi tí ojú ti pọ́n òbí báyìí ni ìdánwò wa wà. Nígbà àkọ́kọ́ tí ọmọ mi ṣe JAMB, kò ṣe dáadáa. Ẹnì kan tí mo mọ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Alhájì, ibì kan wà tí wọ́n á ti bá wọn ràn án lọ́wọ́. Owó díẹ̀ ni." Mo lọ sílé, mo ka owó náà. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo kà á tán. Mo wá pe ọmọ, mo sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bàbá, tí wọ́n bá bá mi ṣe é wọlé, ta ni yóò máa bá mi ṣe é níbẹ̀?"

Mo dá owó padà sápò. Ọdún kan ló fi jókòó sílé, ó ń kàwé lálẹ́, ó ń bá ìyá rẹ̀ tajà lọ́sàn-án. Àwọn kan fi í ṣẹlẹ́yà. Lẹ́ẹ̀kejì, ó wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ tí mo ti ń fi orúkọ rẹ̀ pè é láti kékeré. Iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ yàn ni.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí kò pọ̀. Ìfẹ́ tiwa ò ju ti bàbá wa lọ. Ọ̀nà ló di tóóró, ìjọba sì dín ọwọ́ kù, ni òbí fi wọ ibi tí kò wọ̀ rí. Ó yẹ ká wọ̀ ọ́. Ká bá ọmọ yẹ NIN wò kó tó di ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀. Ká bá a ka ohun tí yunifásítì ń béèrè. Bí owó bá há, ká ràn án lọ́wọ́ láti tọrọ ẹ̀yáwó NELFUND, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Ká wá yàrá fún un ní Tánkẹ tàbí Òkè Odò kí gbogbo rẹ̀ tó kún, nítorí ilé tó wà nínú ọgbà ò lè gba gbogbo wọn. Kó tó lọ, ká rí i pé ó lè se oúnjẹ, kó fọ aṣọ, kó ná owó oṣù kan kó má tán lọ́jọ́ mẹ́wàá, kó sì lè pè wá tí ara rẹ̀ ò bá yá, láìbẹ̀rù èébú. Ṣùgbọ́n wàláà rẹ̀, òun ni yóò kọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, a kó ẹrù wọlé tán, ìyá rẹ̀ ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ata díndín. Mo ti múra ọ̀rọ̀ gígùn sílẹ̀ láti ilé. Nígbà tó kàn mí, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo ní, "Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá." Ni a bá wọ mọ́tò, a padà sílé.